Ọ̀nà wo ló dákẹ́ rọ́rọ́ fún kẹ̀kẹ́ ní ìgbèríko ilẹ̀ Faransé?

Ẹ ní táyà kẹ̀kẹ́ yín tín-ín-rín, ẹ ò sì fẹ́ kí mọ́tò máa lé yín kiri. Agbègbè Bourgogne ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Láti Givry sí Cluny, ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ ni wọ́n sọ di ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ní 1997. Ọ̀dà ni wọ́n dà sí i, ọgbà àjàrà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mọ́tò ò sì gbọdọ̀ gba orí rẹ̀.

Níbòmíràn, máàpù Michelin ni kí ẹ máa wò. Ẹ sá fún títì pupa. Èyí tó funfun ni tiyín. Àwọn ló so abúlé pọ̀ mọ́ abúlé, ẹ sì lè gùn ún pẹ́ títí kó jẹ́ katakata kan ṣoṣo lẹ máa bá pàdé. Bí ilà àwọ̀ ewé bá tẹ̀ lé títì náà, ojú ibẹ̀ rẹwà nìyẹn.

Àwọn èèyàn máa ń yin ọ̀nà ẹ̀bá Canal du Midi, odò tí wọ́n gbẹ́ ní gúúsù Faransé, gan-an, àmọ́ Toulouse sí Port-Lauragais ló dára jù fún irú táyà yín. Tẹ́ ẹ bá kọjá ibẹ̀, yẹ̀pẹ̀ àti gbòǹgbò igi ni lọ́pọ̀ ibi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ omi mímu ṣeré, torí ṣọ́ọ̀bù abúlé máa ń tì lọ́sàn-án. Ẹ̀rọ omi sábà máa ń wà ní itẹ́ òkú. Ẹ bu omi yín níbẹ̀, àfi tí wọ́n bá kọ «eau non potable» (omi tí kò ṣeé mu) sí i.