Ọmọ mi fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ to kọ̀ǹpútà géèmù, owó ò sì tó

Ìbéèrè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, gbé bébà kan fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òun ò fẹ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti tò tán. Ẹ̀yà ara rẹ̀ ni ká rà lọ́kọ̀ọ̀kan, òun á fọwọ́ ara òun tò ó. Fortnite àti Minecraft ló ń gbá jù. Ohun tó kọ sínú bébà rèé: processor Ryzen 7 5800X, cooler olómi, RAM 32GB tó ń tàn bí òṣùmàrè, àpótí onígíláàsì tòun ti fáànù 6, graphics card GTX 1650, àti power supply kan tí mi ò rí orúkọ gidi kankan lára rẹ̀. Motherboard àti SSD náà wà níbẹ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: bí owó ọwọ́ mi bá jẹ́ ọgbọ̀n, ogójì ni bébà yìí ń bèèrè. Tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé, òyìnbó rẹ̀ á máa sáré, èmi á máa mi orí bí ẹni tó gbọ́. Kí la máa yọ? Àbí kí n kúkú ra èyí tí wọ́n ti tò tán, kí n sinmi?

Bàbá Dámilọ́lá

Ìdáhùn

Bàbá Dámilọ́lá, ẹ kú làálàá ọmọ o. Bébà yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, torí Kẹ́hìndé mi gbé irú rẹ̀ gan-an wá bá mi lọ́dún méjì sẹ́yìn. Àfi bí ẹni pé òun àti Dámilọ́lá jọ jókòó kọ ọ́. Iná, gíláàsì, omi. Ohun tó ń ya àwòrán géèmù gan-an, ìyẹn graphics card, ló wá gbẹ̀yìn, tó ń jẹ àjẹkù owó.

Ẹ jẹ́ kó tò ó. Mo mọ̀ pé èyí tí wọ́n ti tò tán máa ń dínwó nígbà míì, ṣùgbọ́n ibi tí ojú oníbàárà ò dé ni wọ́n ti ń ṣẹ́ owó kù: power supply (ẹ̀yà tó ń pín iná fún àwọn yòókù) aláìlórúkọ, RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lé) ẹyọ kan ṣoṣo dípò méjì. Tí ẹ bá rí ọ̀kan tó wù yín, ẹ bi wọ́n léèrè ohun méjèèjì yẹn kẹ́ ẹ tó sanwó. Tí wọn ò bá rí i dáhùn, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ìbéèrè tí ọmọ ò bi ara rẹ̀ ni pé skíríìnì wo lòun máa wò. Skíríìnì 1080p ní àmì 1920 lọ́nà 1080 lójú, ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 2. 4K jẹ́ ìlọ́po 4 ìyẹn. Gbogbo àmì náà ni graphics card á máa yà lákọ̀tun, ìgbà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Skíríìnì 60Hz kò sì lè fi ju àwòrán 60 hàn, kódà kí kọ̀ǹpútà máa ya 200. Fún irú owó tẹ́ ẹ sọ, 1080p ni kẹ́ ẹ dúró lé. Tí ẹ bá rí 144Hz rà, ó dáa. Mo ṣàkíyèsí pé owó skíríìnì ò sí nínú bébà yẹn, owó Windows náà ò sí níbẹ̀. Ẹ fi wọ́n kún ìṣirò kẹ́ ẹ tó yọ ohunkóhun. Tó bá ní òun á lo Linux torí pé ọ̀fẹ́ ni, ìyẹn ètò míì tí wọ́n ń lò dípò Windows, ẹ sọ fún un pé Fortnite kì í ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Á dákẹ́.

Ó kan processor. Ryzen 7 5800X kò burú, core 8 ló ní, bí òṣìṣẹ́ 8 nínú ilé kan. Àmọ́ kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ GTX 1650 tó jáde lọ́dún 2019 pẹ̀lú ìrántí 4GB péré, bí ẹni so ẹṣin alágbára mọ́ kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ ti jò ni. Processor ló ń ronú: ibi tí ọ̀tá sá pamọ́ sí, ibi tí ọta ìbọn bà. Graphics card ló ń ya á. Tí ayàwòrán bá lọ́ra, ẹni tó ń ronú á kàn ká ọwọ́ gbera ni. Ẹ fi Ryzen 5 5600 rọ́pò rẹ̀: core 6, 65W, ó sì ń bá cooler tirẹ̀ (ohun tó ń mú un tutù) wá nínú páálí, ìpara tó ń fa ooru ti wà lára rẹ̀ látilẹ̀. 5800X kì í bá cooler wá, ìdí tí ọmọ fi lọ kọ èyí tó lómi nìyẹn. Ẹ̀yà kan lẹ pààrọ̀, owó méjì padà wálé. Core i5-12400F ti Intel náà dáa tó bá jẹ́ òun ló dínwó. F tó gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀ ń sọ fún yín pé kò ní graphics nínú, bí 5600 náà ò ṣe ní in.

Owó tó padà wálé yẹn, inú graphics card ni kẹ́ ẹ rọ́ ọ sí. Tí mo bá ń ṣètò kọ̀ǹpútà géèmù tówó rẹ̀ ò pọ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó ló máa ń lọ síbẹ̀, nígbà míì ó máa ń lé, ọkàn mi kì í sì í gbọ̀n. RX 6600 ti AMD ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ó jáde lọ́dún 2021, 8GB ló ní, 132W ló ń jẹ, ó sì fi GTX 1650 sẹ́yìn jìnnà. Wọ́n lè fi RTX 3050 lọ̀ yín níye kan náà, torí orúkọ NVIDIA, ilé-iṣẹ́ tó ń bá AMD díje, tó wà lára rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù, RX 6600 ló yára jù. RTX 3060 oní 12GB náà wà, tí ẹ bá rí àlòkù tó mọ́. Ọmọ lè ní Minecraft àti Fortnite ò nílò gbogbo ìyẹn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n géèmù tí ọmọ ọdún 14 ń gbá lónìí kọ́ ló máa gbá lámọ́dún, 4GB sì ti kéré fún ọ̀pọ̀ géèmù tuntun.

Ẹnìkan á sọ fún yín pé AM4, ìyẹn ojú ihò tí 5600 ń jókòó sí, ti di ti àtijọ́. Ó ti pẹ́ lóòótọ́, láti 2016. AM5 dé ní 2022, DDR5, irú RAM tó tẹ̀ lé DDR4, nìkan ló sì ń gbà. Tí owó bá lẹ̀ díẹ̀, Ryzen 5 7600 lórí AM5 á jẹ́ kó lè pààrọ̀ processor lọ́jọ́ iwájú láì pààrọ̀ motherboard, ìyẹn pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń so mọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé nítorí AM5 lẹ máa ṣe padà sórí graphics card kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi AM5 sílẹ̀ fún àwọn tó ní in.

Motherboard B550 kékeré, èyí tí wọ́n ń pè ní micro-ATX, ti tó. B450 máa ń dínwó, àmọ́ 2018 lòun jáde, Ryzen 5000 sì dé ní 2020, nítorí náà èyí tó bá ti pẹ́ nínú páálí lè má dá 5600 mọ̀ rárá, àfi tí wọ́n bá sọ BIOS rẹ̀ (ètò kékeré inú rẹ̀ tó ń jí kọ̀ǹpútà) di tuntun. RAM 16GB tó, kó jẹ́ 8GB méjì, DDR4 3200. Ẹyọ méjì ń ṣí ọ̀nà méjì fún processor. Ẹyọ kan dà bí ilẹ̀kùn onípele méjì tí wọ́n ti apá kan rẹ̀ pa. Iná òṣùmàrè ò fi kún eré rẹ̀. SSD NVMe 1TB, ibi tí géèmù àti Windows ń gbé, ó tán. Àpótí tí gíláàsì dí iwájú rẹ̀ pa máa ń mú kó mí gúlegúle. Ẹ wá èyí tí iwájú rẹ̀ jẹ́ nẹ́ẹ̀tì, fáànù 2 tàbí 3 ti tó o. Tí Dámilọ́lá bá fẹ́ iná dandan, ẹ ra fáànù kan tó ń tàn fún un. Ọmọ ṣì ni, ẹ máà jẹ́ kó dà bí ìjìyà.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fetí sí mi jù ni power supply. Nígbà tí à ń ra ti Kẹ́hìndé, mo rí ọ̀kan tí wọ́n kọ 700W gàdàgbà sí lára, owó rẹ̀ ò tó ìdajì èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní ọgbọ́n lèmi ń gbọ́n. Oṣù mẹ́ta ló fi ṣiṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ wà láàárín géèmù, a kàn gbọ́ "tàù!", iná yàrá kú, òórùn rọ́bà tó jóná gba gbogbo ilé. A ra power supply míì, a so ó mọ́ ọn, motherboard ò jí. Ẹni tó ń lọ ti mú ẹlòmíì dání. Kò síbi tí mo lè dá ẹ̀bi rẹ̀ sí ju orí ara mi.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ńlá dẹ́rù bà yín tàbí kó tàn yín. Ẹ ṣírò ó: graphics card 132W, processor tó lè dé 76W tó bá ń sáré jù, ká fi 60W fún motherboard, RAM, SSD àti fáànù. Kò pé 300W. 550W tó jẹ́ 550W lóòótọ́ á gbé e, àyè á sì ṣì kù fún graphics card tó tóbi jù ú díẹ̀. Àmì 80 Plus tẹ́ ẹ máa rí lára páálí ń sọ bí iná ṣe ń ṣòfò sí ooru tó. Kò sọ fún yín bóyá ó máa dáàbò bo àwọn ẹ̀yà yòókù lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé. Iye ọdún tí ilé-iṣẹ́ fi ṣe onídùúró rẹ̀ lèmi ń wò, tí kò bá ti tó 5, mi ò rà. Mi ò ra àlòkù power supply fún ẹnikẹ́ni. Processor, graphics card àti àpótí, wọ́n ṣeé rà ní àlòkù. Ti graphics card, kí ẹni tó ń tà á gbé géèmù sí i lójú yín fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ máa wo bóyá àwọ̀ ń já lójú skíríìnì, kẹ́ ẹ sì máa gbọ́ fáànù rẹ̀. Ohun kan tún wà: ọmọ kò gbọdọ̀ tú power supply wò láé. Iná máa ń kù sínú rẹ̀ kódà tí a bá ti yọ ọ́ lára ògiri. Bí wáyà rẹ̀ bá sì jẹ́ èyí tó ń yọ, wáyà power supply mìíràn ò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀, bó ti wù kí wọ́n jọra tó.

Lọ́jọ́ tí ẹ máa tò ó, orí tábìlì ni, kì í ṣe orí kápẹ́ẹ̀tì. Kó máa fọwọ́ kan irin àpótí kó tó mú ẹ̀yà kankan, kí iná tó wà lára òun fúnra rẹ̀ lè bọ́. Processor AM4 ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ 1331 nídìí, igun rẹ̀ kan ní àmì onígun mẹ́ta aláwọ̀ wúrà tó bá ti ojú ihò mu. Kó gbé ọwọ́ irin ẹ̀gbẹ́ sókè, kó gbé processor lé e jẹ́jẹ́, á jókòó fúnra rẹ̀. Tó bá ní láti tẹ̀ ẹ́ kó tó wọlé, kó gbé e kúrò, kó tún un wò. RAM ni tirẹ̀ la máa ń tẹ̀: tí ihò bá jẹ́ mẹ́rin, ihò kejì àti ìkẹrin ni, tí a bá kà láti ẹ̀gbẹ́ processor, títí á fi dún "kẹ́".

"Kẹ́" yẹn ṣe pàtàkì o. Ti Kẹ́hìndé, a tanná sí i, fáànù ń yí, skíríìnì dúdú bí aró. Wákàtí méjì! Omi ti lé ròrò sójú ọmọ. Èmi náà ń tú wáyà, mò ń tún wọn so, mò ń ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. RAM kan ló jẹ́ pé etí kan wọlé, ìkejì gbé sókè bí ìbú irun. A tẹ̀ ẹ́, ó dún. Ó tún dúdú. Ẹ̀yìn motherboard la ki wáyà skíríìnì sí, dípò ẹ̀yìn graphics card. Nígbà tí Kẹ́hìndé yọ ọ́ tó gbé e síbi tó yẹ, àwòrán yọ, ọmọ náà pariwo, "Màmá, ó ti jí!" Yorùbá la fi tò ó láti òwúrọ̀, mo ti sọ fún un pé mi ò gbọ́ èdè mìíràn lọ́jọ́ yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ processor lórúkọ ní ọpọlọ, ó ní power supply ni ọkàn. Ẹnu wáyà tó ń lọ sọ́dọ̀ ọpọlọ jẹ́ ihò 4 méjì tó lẹ̀ mọ́ra, ti graphics card jẹ́ ihò 6 àti 2. Wọ́n jọra púpọ̀. Tí kò bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, kì í ṣe ibẹ̀.

Tó bá ti tàn, kó wọ inú BIOS kó tan XMP, ohun tó ń jẹ́ kí RAM sáré tó iye tí wọ́n kọ sí i lára, torí láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, RAM 3200 tẹ́ ẹ sanwó fún lè máa rìn ní 2133 tàbí 2400. Kó wo fTPM, ohun ààbò inú processor, náà níbẹ̀, Windows 11 máa bèèrè rẹ̀. Nínú Windows, kó yí skíríìnì sí 144Hz fúnra rẹ̀. Oṣù kan gbáko ni tiwa fi wà lórí 60, tí Kẹ́hìndé ń bá mi jà pé mo ra ayédèrú.

Ẹ tún bébà kọ pẹ̀lú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi orúkọ motherboard tó bá mú ránṣẹ́ sí mi kẹ́ ẹ tó sanwó, kí n bá yín wo BIOS rẹ̀.

Ìyá Ìbejì