Lọ́yà ni màmá mi ń pè mí ní ṣọ́ọ̀ṣì

*Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ogún ọdún ni mí, mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì kan ní Leeds, sosiọ́lọ́jì ni mò ń kà. Ọlọ́dún mẹ́rin ni kọ́ọ̀sì mi, torí pé òkè òkun la ti ń lo ọdún kẹta. Wọ́n ti fún mi láyè ní Utrecht, ní Họ́lándì. Màmá mi, tó ń ṣe iṣẹ́ kíà lóru ní London, ló dá tọ́ èmi àti àbúrò mi. Ó mọ ohun tí mò ń kà, ṣùgbọ́n lọ́yà ló ń pè mí létí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo dárúkọ Họ́lándì, ó ní ṣé ibi tí wọ́n ti ń ta igbó bí ẹni ń ta gúgúrú ni. Ó ní òun ò lówó ọdún kẹrin. Ó tún ní kí lòun fẹ́ wí fáyé bí ẹgbẹ́ mi bá jáde tí èmi ò jáde. Mo ṣì lè yí kọ́ọ̀sì náà padà sí ọlọ́dún mẹ́ta. Ṣé kí n yí i kí ilé lè tòrò? Àbí kí n kàn lọ, kí n pè é tí mo bá débẹ̀?*

*Èmi Ọmọ Lọ́yà*

Ọmọ Lọ́yà, orúkọ tí o fi parí lẹ́tà yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì dùn mí díẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ mú ìbéèrè ìkẹyìn kúrò nílẹ̀: má dán an wò. Obìnrin tó ń fi òru tọ́jú ìyá ẹlòmíràn kí o lè jókòó kàwé kì í ṣe ẹni tó yẹ kó gbọ́ lórí fóònù pé ọmọ òun ti kúrò nílùú láti ọjọ́ mẹ́ta.

Ti igbó, màmá ò parọ́, wọ́n ń tà á ní àwọn ṣọ́ọ̀bù kọfí kan níbẹ̀. O mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á ní Leeds náà.

Ọ̀rọ̀ owó ni ká jókòó tì. Ó jọ pé màmá rò pé odidi £9,535, owó ilé ẹ̀kọ́ ọdún kan ní sáà 2025 sí 2026, ni wọn yóò tún gbà lórí ọdún òkè òkun tó sọ kọ́ọ̀sì rẹ di ọlọ́dún mẹ́rin. Rárá o. Bí o bá ń san iye tí àwọn ọmọ ìlú ń san ní England, tí o sì lo odidi ọdún ní ilé ẹ̀kọ́ òkè òkun, yunifásítì rẹ kò gbọdọ̀ gbà ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà lọ lórí ọdún yẹn. Ní sáà 2025 sí 2026, £1,430 ni. Student Finance ń yáni ní ìyẹn, wọ́n sì ń yáni ní owó oúnjẹ àti ilé pẹ̀lú. Lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ìrìn àjò akẹ́kọ̀ọ́, kí o béèrè bóyá owó Turing wà fún ọdún tìrẹ. Ìjọba ló dá a sílẹ̀ nígbà tí Britain fi Erasmus, ètò ìpààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti Yúróòpù, sílẹ̀. Ẹ̀bùn ni, a kì í san án padà, ọmọ ilé tí owó ò pọ̀ sí ni wọ́n sì máa ń rò jù. Gba gbogbo rẹ̀ ní àkọsílẹ̀, kí owó má baà dá ọ padà lágbede méjì. W. E. B. Du Bois, ọ̀kan nínú àwọn àgbà sosiọ́lọ́jì Amẹ́ríkà, lo ọdún méjì ní Berlin, 1892 sí 1894. Ó fẹ́ lo ọdún kan sí i kó lè gboyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀, àwọn tó ń fún un lówó ní ó tó, ló bá ká ẹrù rẹ̀ padà sílé.

Wá yàrá báyìí, má dúró di oṣù kẹjọ. Ilé wọ́n ní Họ́lándì débi pé àwọn yunifásítì kan níbẹ̀ ti kìlọ̀ fún ọmọ òkèèrè pé ẹni tí kò bá tíì rí yàrá kó má wulẹ̀ wá. Sọ ti máàkì fún màmá ṣáájú pẹ̀lú: lórí mẹ́wàá ni wọ́n ti ń gbà á ní Họ́lándì, ẹni tó gba mẹ́jọ ti ṣe gudugudu méje. Kó má lọ rí méje kó rò pé o ti kùnà.

Ohun kan wà tí o ò sọ: páàsì wo lo ní lọ́wọ́? Bó bá jẹ́ ti Britain, o ṣì nílò ìwé ìgbélùú tí o bá máa kọjá 90 ọjọ́, yunifásítì ọ̀hún ló ń bá èèyàn ṣe é. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ ṣì ń ka ọdún kí páálí yín tó jáde, dúró ná. Ọjọ́ tí o bá lò lẹ́yìn odi lè ba òǹkà yẹn jẹ́. Lọ rí lọ́yà, lọ́yà gidi o, kì í ṣe irú tìrẹ. Tó bá ní kí o má lọ, yí i sí ọlọ́dún mẹ́ta, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìdí tó tó nìyẹn. Ẹnu ará ṣọ́ọ̀ṣì kò tó ìdí.

Èmi tí mò ń gbà ọ́ nímọ̀ràn yìí, odidi ọdún méjì ni mo fi pe ọmọkùnrin mi ní dókítà láàárín ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Fisiọ́lọ́jì ló ń kà. Ọjọ́ tí ìyá àgbà kan gbé ẹsẹ̀ tó wú lé àga níwájú rẹ̀ pé kó bá òun wò ó ni àṣírí tú. N kò tijú ọmọ mi. N kò ní gbólóhùn kan tí mo lè fi ṣàlàyé fisiọ́lọ́jì láàárín ìdúpẹ́ àti ọrẹ ni. Bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni ti màmá rẹ.

Torí náà, wọ ọkọ̀ lọ London ní ọjọ́ tí kò níṣẹ́. Jẹ́ kó sùn tẹ́rùn. Dáná. Tẹ àwọn ìwé owó yẹn sórí bébà, àwọn ìyá wa gba bébà gbọ́ ju fóònù lọ. Nígbà tó bá jẹun tán, bi í léèrè nípa ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ta ló ń wẹ àwọn arúgbó yẹn lóru? Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ọmọ Nàìjíríà àti ọmọ Zimbabwe ló kún ibẹ̀? Ta ló ń sanwó wọn? Ní England, ẹni tó bá ní ilé lè tà á tán sórí ìtọ́jú ọjọ́ ogbó. Họ́lándì ti ṣe ìbánigbófò fún gbogbo ará ìlú lórí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ láti 1968. Kí ló fa ìyàtọ̀ yẹn? Sọ fún un pé sosiọ́lọ́jì nìyẹn, pé ohun tí o fẹ́ lọ wò nìyẹn, àti pé ohun tí ojú rẹ̀ ti rí lóru wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, fún un ní gbólóhùn tó lè gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì: "Ọmọ mi ń kọ́ nípa bí ìlú ṣe ń tọ́jú àwọn arúgbó rẹ̀, ó fẹ́ lọ wo ti Họ́lándì." Jẹ́ kó tún un sọ létí rẹ, kó yí i bó ṣe wù ú. Bó bá fi "ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́la" kún un, má bá a jiyàn.

Kọ̀wé sí mi padà. Mo fẹ́ mọ ohun tó sọ nígbà tó rí £1,430 lórí bébà yẹn.