Kóòtù ECOWAS: ohun tí ojú mi rí

Ẹ kú wàhálà o, ẹ̀yin tí ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ ní wọ́n tì í mọ́lé ní bodè láì gbé e dé iwájú adájọ́, wọ́n gba ọkọ̀ rẹ̀, ẹjọ́ tí ẹ pè ní kóòtù ibẹ̀ sì ti lé lọ́dún méjì lójú kan. Ẹ wá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè gbé e lọ sí kóòtù ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní Àbújá, àti bóyá ìdájọ́ wọn lágbára ju ìwé òfin orílẹ̀-èdè lọ. Mo ti rin ọ̀nà yẹn. Aṣọ ni mò ń tà. Ọjọ́ 19 ni mo lò ní àtìmọ́lé nínú ọ̀kan lára àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Àwa 11 là ń sùn lórí sìmẹ́ǹtì nínú yàrá kan ṣoṣo.

Ẹ lè lọ. Kò dìgbà tí kóòtù ilé bá parí tirẹ̀. Kí orúkọ yín hàn, kí ẹjọ́ kan náà má sì wà níwájú kóòtù àgbáyé mìíràn, ìyẹn ni wọ́n ń béèrè. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá mú ẹjọ́ wá, àmọ́ owó lọ́yà, ẹ̀dà ìwé àti owó ọkọ̀ yóò gbẹ́ àpò yín.

Kò rí báyìí tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2003, Nàìjíríà ti bodè tó lọ sí Kútọnu, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Afolabi sì pe ìjọba lẹ́jọ́ ní kóòtù yìí. Lọ́dún 2004 wọ́n ní àwọn ò lè gbọ́ ọ, torí àdéhùn 1991 tó dá kóòtù náà sílẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo dá wá. Oṣù kìíní 2005 ni àwọn olórí ìjọba tún àdéhùn náà ṣe, tí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn rẹ̀ mọ́lẹ̀ fi lè wọlé. Mo máa ń ṣàdúrà fún ọkùnrin yẹn. Òun ló kan ilẹ̀kùn, àwa la wọlé.

Ẹ gbọ́ àṣìṣe tèmi. Lọ́yà tí mo kọ́kọ́ gbà kọ ọ́ pé adájọ́ ilé ṣi òfin lò. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe kóòtù kòtẹ́milọ́rùn, wọ́n sì da apá yẹn nù. Ó tún pe ọ̀gá tó mú mi lẹ́jọ́ pẹ̀lú ilé iṣẹ́ tó ń bá mi kó ẹrù, wọ́n yọ àwọn náà, torí ìjọba nìkan ni a lè pè síbẹ̀. Kódà nígbà tí SERAP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Nàìjíríà, gbé ọ̀rọ̀ epo tó ba Niger Delta jẹ́ lọ, wọ́n yọ àwọn ilé iṣẹ́ epo, Nàìjíríà nìkan ni ìdájọ́ 2012 mú. Nítorí náà, kí ẹ kọ ọ́ tààrà: ìjọba yìí ti ẹ̀gbọ́n mi mọ́lé fún iye ọjọ́ báyìí láì gbé e dé iwájú adájọ́, ìyẹn sì lòdì sí abala 6 ìwé àdéhùn Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Abala 14 ni ti ọkọ̀.

Ìwé bélì ló gbà mí. Bébà rírún kan ni, òǹtẹ̀ ti ń parẹ́, àmọ́ ọjọ́ tí mo wọlé àti ọjọ́ tí mo jáde wà lórí rẹ̀, ìjọba ò rí nǹkan kan sọ sí i. Ti ẹrù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ò rí bẹ́ẹ̀. Ọjà Dantokpa ní Kútọnu ni mo ti ra ankara yẹn lọ́wọ́ ìyá tí a ti jọ ń ṣòwò pẹ́, a ò kọ rìsíìtì fúnra wa rí. Wọn ò dá kọ́bọ̀ fún mi lórí rẹ̀.

Ní ti agbára, ibẹ̀ ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Ìdájọ́ wọn de ìjọba, kò sì sí kòtẹ́milọ́rùn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kóòtù náà kò ní ọlọ́pàá. Akọ̀wé kóòtù ló ń fi ìwé ránṣẹ́, ìjọba tí ẹ pè lẹ́jọ́ ni yóò yan ẹni tó máa mú un ṣẹ. Ní Nàìjíríà, mínísítà ètò ìdájọ́ ni. Nílé wa níbí, abala 1 ìwé òfin 1999 ní òun ni olórí gbogbo òfin, abala 12 sì ní àdéhùn tí a bá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe kò di òfin àyàfi bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá sọ ọ́ di òfin. Ìwé àdéhùn Áfíríkà ti di òfin wa láti 1983, àmọ́ nínú ẹjọ́ Abacha àti Fawehinmi lọ́dún 2000, kóòtù gíga jùlọ ní ó lágbára ju àwọn òfin yòókù lọ, kò sì ga ju ìwé òfin orílẹ̀-èdè.

Àwọn kan ń sanwó o. Niger san mílíọ̀nù 10 sẹ́fà fún Hadijatou Mani, obìnrin tí wọ́n fi ṣe ẹrú, lẹ́yìn ìdájọ́ 2008. Ìdájọ́ tèmi ti pé ọdún mẹ́rin, owó tí wọ́n dá fún mi ò tíì wá. Àmọ́ lọ́yà mi kejì ní kí n béèrè páṣípọ́ọ̀tù mi tí wọ́n gbà lọ́tọ̀, torí kò ní ná ìjọba ní nǹkan kan láti dá a padà. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìdájọ́, wọ́n pè mí kí n wá gbà á. Ẹ béèrè ọkọ̀ yẹn lọ́tọ̀, ẹ má pa á pọ̀ mọ́ owó gbà-máà-bínú.

Ẹ wo ìwé bélì ẹ̀gbọ́n yín lálẹ́ òní. Bí ọjọ́ tí wọ́n mú un kò bá sí níbẹ̀, ẹ tètè lọ gba ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wọn ní àgọ́ kí wọ́n tó gbọ́ pé ẹ ń lọ Àbújá.