Ìjọ wo ni yóò sin Màmá?

Ọmọ Ìperu kan tó ń gbé l'Ékòó ló béèrè pé: "Pásítọ̀ wa níhìn-ín sọ pé ilé kọ́ ni ṣọ́ọ̀ṣì, ènìyàn ni. Mo sọ ọ́ fún màmá mi nílé, inú bí wọn. Wọ́n ní kí wá ni bíṣọ́ọ̀bù yà sí mímọ́ lójú àwọn? Wọ́n tún ní tí àwọn bá bá mi lọ sí tèmi, ìjọ ò ní sin àwọn. Ta ni ká gbà gbọ́?"

Ẹ gba àwọn méjèèjì gbọ́. Ohun kan náà kọ́ ni wọ́n ń sọ.

Ẹ tẹ́tí sí ẹnu wa lọ́jọ́ Ìsinmi. "Ṣọ́ọ̀ṣì ti jáde": ìsìn ló parí. "Wọ́n ń kun ṣọ́ọ̀ṣì": ilé nìyẹn. "Ṣọ́ọ̀ṣì wo lẹ ń lọ?": ẹ ó ní Áńgílíkà ni, tàbí Àgùdà, tàbí Elétò (Mẹ́tọ́díìsì), tàbí àwọn aláṣọ funfun. "Ṣọ́ọ̀ṣì ti pín sí méjì": àwọn èèyàn ló pín, ilé wà lódindi, kódà ilé náà gan-an ni wọ́n sábà máa ń bá ara wọn jà lé lórí. Kò sí èyí tó ń rú wa lójú níbẹ̀, àfi ìgbà tí ẹnìkan bá dé orí àga ìwàásù tó ní ẹyọ kan ṣoṣo ni òótọ́.

Inú Bíbélì ni pásítọ̀ yín ti mú tirẹ̀ wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì múlẹ̀. Ekklesia ni wọ́n kọ sínú Májẹ̀mú Tuntun ní èdè Gíríìkì. Kí àwọn onígbàgbọ́ tó mú un lò, àpéjọ ọmọ ìlú tí wọ́n ké sí láti wá jókòó lórí ọ̀rọ̀ ìlú ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 19, òun náà ni wọ́n fi pe ogunlọ́gọ̀ tó ń pariwo orúkọ òrìṣà wọn ní Éfésù, tí púpọ̀ nínú wọn ò tilẹ̀ mọ ohun tó gbé àwọn débẹ̀. Bíbélì Yorùbá pe ti àwọn onígbàgbọ́ ní ìjọ. Ní Róòmù 16, Pọ́ọ̀lù ní kí wọ́n kí Pírísíkà àti Ákúílà, kí wọ́n sì kí ìjọ tó wà nílé wọn. Tọkọtaya ló ni ilé, ìjọ ló ń pé síbẹ̀. Kò sí ibì kan nínú Májẹ̀mú Tuntun tí ọ̀rọ̀ náà ti dúró fún ilé. Ohun tí pásítọ̀ máa ń gbàgbé láti fi kún un ni pé ó tún tóbi ju àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀ lọ: ìjọ tí Éfésù orí 5 ní Kristi fẹ́ràn, gbogbo onígbàgbọ́ ni, àwọn tó ti kú pẹ̀lú. Òun náà là ń jẹ́wọ́ nínú Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́. (Kátólíìkì tó wà níbẹ̀ kì í ṣe Àgùdà o. Ti gbogbo ayé ló túmọ̀ sí.)

Ti màmá yín wá ńkọ́? Ẹ ò sọ bóyá Áńgílíkà ni wọ́n tàbí Elétò, ṣùgbọ́n bí Áńgílíkà ṣe ń ṣe é nìyí: wọ́n á ti ilẹ̀kùn, bíṣọ́ọ̀bù á dúró níta, á fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó ṣí i fún un. Ibi náà ló yà sọ́tọ̀, pé láti ọjọ́ yẹn lọ a ò ní fi ṣe nǹkan mìíràn mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ àṣà àtijọ́ pé kí gbèsè tán lórí ilé náà kí wọ́n tó yà á sí mímọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà wá gbà á mọ́ Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹni tó sì rò pé bíríkì nìkan là ń bọ̀wọ̀ fún, kó lọ sí Ògèrè lóṣù kẹjọ. Níbẹ̀ ni Josiah Ositelu ti dá Ìjọ Olúwa Aládùúrà sílẹ̀ lọ́dún 1930, òkè ni wọ́n sì ń gùn fún àdúrà Tabborrar lọ́dọọdún. Ilẹ̀ gan-an ni mímọ́ fún wọn.

Ṣùgbọ́n lójú tèmi, gbólóhùn tó wúwo jù nínú ìbéèrè yín ni èyí tí ẹ fi ṣe àfikún, "ìjọ ò ní sin àwọn". Ìjọ tí màmá ń wí kì í ṣe ilé, kì í sì í ṣe gbogbo onígbàgbọ́ ayé. Àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé kan náà ni, tí wọ́n ń san owó kíláàsì, tí wọ́n jọ wà lẹ́gbẹ́, tí wọ́n ní Bàbá Ìjọ àti Ìyá Ìjọ. Nílé wa, bí èèyàn bá kú, ọ̀dọ̀ akọ̀wé ìjọ ni àwọn ọmọ ń kọ́kọ́ lọ. Á ṣí ìwé, á fi ìka wá orúkọ olóògbé, á ka iye oṣù tí kò san, àwọn ọmọ á sì san án kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ ọjọ́ ìsìnkú. Àwọn kan ní òwò nìyẹn. Ó máa ń dà bẹ́ẹ̀ nígbà míì. Síbẹ̀, àwọn tó ń gba owó yẹn náà ni yóò wá ṣe àìsùn, tí yóò tẹ̀ lé òkú dé ibojì, tí yóò sì padà wá wo àwọn ọmọ lẹ́yìn tí àlejò bá ti tú ká.

Kì í sì í ṣe òní ni ọmọ Ìjẹ̀bú ti ń fi irú ìjọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Lọ́dún 1918, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú, àwọn kan kóra jọ fún àdúrà nínú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde. Joseph Shadare jẹ́ aṣíwájú wọn, Sophia Odunlami wà láàárín wọn. Ẹgbẹ́ inú ìjọ ni wọ́n, Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Wọ́n ní àdúrà nìkan làwọn ó fi wo àìsàn, wọ́n sì ní kò yẹ kí a máa ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́. Àwọn àgbà ìjọ ò gbà, wọ́n sì bá tiwọn lọ lọ́dún 1922. Ara gbòǹgbò ìjọ CAC (Christ Apostolic Church) ni wọ́n. Kò sẹ́ni tó kọ́ ilé tuntun kí wọ́n tó di ìjọ. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pinnu fúnra wọn ẹni tí wọ́n ó rì bọmi ni wọ́n ti kúrò ní ẹgbẹ́ lásán, tí wọ́n di ìjọ.

Nítorí náà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ pásítọ̀ yín fa màmá kúrò níbi tí wọ́n wà. Bí ẹ bá fẹ́ràn ìjọ yín l'Ékòó, ẹ dúró síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ló ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ìlú tí wọ́n ń gbé, tí orúkọ wọn ṣì wà nínú ìwé nílé, tí wọ́n ń wálé ṣe Ìkórè. Àwọn pásítọ̀ kan ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ bi tiyín kó tó di ìjà. Kẹ́ ẹ sì bi màmá bóyá owó kíláàsì wọn pé. Tí kò bá pé, ẹ bá wọn san án.