Ibi tí wọ́n máa sùn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣètò

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ ni wá ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú wa. A fẹ́ ṣe ìdíje kẹ̀kẹ́ orí òkè ní Nepal fún ọjọ́ márùn-ún, láti Besisahar gba Thorong La, ọ̀nà tó gba orí òkè kọjá, lọ sí Muktinath. Áńbúláǹsì ni ká kọ́kọ́ wá ni, àbí dókítà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra o. Mọ́tò ń dé Manang tó wà lójú ọ̀nà yẹn, ṣùgbọ́n áńbúláǹsì kankan ò lè gun Thorong La, hẹlikópútà ò sì ní gbéra tí kùrukùru bá bolẹ̀. Ibi tí wọ́n máa sùn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣètò.

Thorong La ga tó mítà 5,416. (Òkè Ìdànrè tí a fi ń yangàn kò tó 1,000.) Ọ́síjìn tí èèyàn ń mí sínú níbẹ̀ kò ju bí ìdajì ti Èkó lọ. Ara lè gbà á, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni. Tí ẹ bá ti kọjá mítà 3,000, ibi tí ẹ máa sùn lálẹ́ òní kò gbọdọ̀ fi ju mítà 500 ga ju ti àná lọ, kí ẹ sì fi ọjọ́ kan sinmi láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ wá ka alẹ́ tí ẹ máa sùn lójú ọ̀nà: Chame, Pisang, alẹ́ méjì ní Manang, Yak Kharka, Thorong Phedi. Ọjọ́ keje lẹ máa tó kọjá. Ẹ fi ọjọ́ kan lé e nítorí yìnyín. Ní oṣù October 2014, ìjì yìnyín pa èèyàn tó lé ní ogójì lágbègbè yẹn.

Ẹ fi jẹnotáìpù sínú fọ́ọ̀mù yín. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó nìkan la máa ń torí ẹ̀ bi ara wa, a sì ti gbà pé AS ò ní wàhálà. Nísàlẹ̀ níbí ni o! Níbi tí ọ́síjìn ti wọ́n, ẹ̀jẹ̀ AS náà lè há sínú ọlọ inú (spleen), kó sì bà á jẹ́. AS lè lọ tí dókítà rẹ̀ bá fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n tí abẹ́ ìhà òsì bá ń gún un gan-an, ẹ má pè é ní inú rírun: ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀ kíá. SS àti SC ò gbọdọ̀ gòkè rárá.

Lálaalẹ́, ẹ fi igi fa ìlà gbọọrọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí oníkálukú máa fi gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì rìn lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ń ta gbọ́ngbọ́n bí ọ̀mùtí, ọpọlọ rẹ̀ ló ti ń wú. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ tó ń mí gúlegúle, omi ti ń wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ má sọ pé ó di àárọ̀. Oògùn dexamethasone àti ọ́síjìn inú sílíńdà á ràn án lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, àmọ́ sísọ̀kalẹ̀ gan-an ni ìwòsàn.

Lójú tèmi, ẹ má ka àkókò láti Phedi dé orí òkè rárá. Èjìká ni ọ̀pọ̀ máa fi gbé kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, ẹni tó ń lé ipò kìíní kì í sì í jẹ́wọ́ pé orí ń fọ́ òun. Láti orí òkè wálẹ̀ sí Muktinath ni kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Kí ẹ tó gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ wo ìwé ìbánigbófò rẹ̀ bóyá ó kan hẹlikópútà àti ibi tó ga ju mítà 5,000 lọ, torí ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í débẹ̀.