Ẹ Bi Wá Léèrè: Ilé Ẹ̀kọ́ Òwò ní Yunifásítì Àwọn Jésúítì

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ènìyàn wa ní Ìjùmú, Kàbà àti Yàgbà. Lẹ́tà yín lórí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀, márùn-ún la sì mú nínú wọn.

ÌBÉÈRÈ: Yunifásítì àwọn Jésúítì kan ní Amẹ́ríkà ti gba ọmọ mi obìnrin wọlé láti kọ́ ìmọ̀ òwò. ECWA là ń lọ nílé wa. Nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́, mo rí fìlọ́sọ́fì àti ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run. Ṣé wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di Àgùdà ni? Kí sì ni fìlọ́sọ́fì ń wá nínú ọ̀rọ̀ òwò? (Bàbá kan, Ẹ̀gbẹ̀)

ÌDÁHÙN: Ẹ fọkàn balẹ̀, bàbá. Ẹgbẹ́ àlùfáà àti arákùnrin nínú ìjọ Àgùdà ni àwọn Jésúítì. Ignatius ti Loyola ló kó wọn jọ, Póòpù sì fọwọ́ sí ẹgbẹ́ náà ní 1540. Ilé ìwé ni iṣẹ́ tí ayé fi mọ̀ wọ́n jù. Ní Amẹ́ríkà, yunifásítì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn jẹ́ 27. Georgetown tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1789 ni àgbà gbogbo wọn. Saint Louis tẹ̀lé e ní 1818, Fordham ní 1841, Boston College ní 1863. Wọn kì í wo ìjọ tí ọmọ ń lọ kí wọ́n tó gbà á, wọn kì í sì í fi dandan lé Máàsì. Ọmọ ECWA, ọmọ Ánglíkà àti ọmọ Mùsùlùmí jọ máa ń jókòó ní kíláàsì kan náà ni.

Kọ́ọ̀sì tí ẹ rí yẹn wà fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tó ń kọ́ nọ́ọ̀sì kò bọ́ níbẹ̀. Ní Georgetown àti ní Boston College, méjì ni ti fìlọ́sọ́fì, méjì ni ti ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run. Ẹ má fi wé kátíkísìmù o. Ìwé ni wọ́n ń kà, àríyànjiyàn ni wọ́n ń ṣe, ọmọ á sì kọ èrò tirẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí. Lójú tiwa, kọ́ọ̀sì wọ̀nyí yẹ lára owó tí ẹ ń san. Akántà tí ọ̀gá rẹ̀ ní kó kọ ọjà tí wọn kò tíì tà mọ́ owó tó ti wọlé, ìṣirò kọ́ ló máa yọ ọ́ nínú ìyẹn.

Ohun tó yẹ kí ẹ fara balẹ̀ wò ni iye yúníìtì, èyí tí wọ́n ń pè ní credit lọ́hùn-ún. Dìgírì àkọ́kọ́ jẹ́ nǹkan bí 120, fún ọdún mẹ́rin. Kọ́ọ̀sì kan sábà máa ń jẹ́ 3, nítorí náà kọ́ọ̀sì bí 40 ló wà níwájú rẹ̀. Bí ẹ bá pín in sí mẹ́ta, ẹ kò jìnnà sí òótọ́: apá kan fún ẹ̀kọ́ gbogboogbò, apá kan fún ìpìlẹ̀ òwò bí ìṣirò owó, ọrọ̀ ajé, òfin òwò, ìpolówó ọjà àti ìmọ̀ dátà, apá tó kù fún ẹ̀ka tó yàn àti èyí tó bá wù ú. Níbí ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìnà. Òfin F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ dìgírì àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ṣe kéré sí yúníìtì 12 ní sáà kan. Ọmọ á gbọ́ 12, á sì gbà pé ó ti tó. Ṣùgbọ́n 12 ní sáà mẹ́jọ jẹ́ 96 péré. 24 tó kù á di sáà méjì míì, pẹ̀lú owó ilé àti oúnjẹ. 15 ni kó máa ṣe.

Kọ́ọ̀sì ìṣirò owó tún so mọ́ ara wọn bí ẹ̀wọ̀n. Ẹni tí kò bá yege nínú èyí àkọ́kọ́ kò lè wọ ìkejì, ìkejì náà sì lè jẹ́ èyí tí wọn kì í kọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Ẹ ní kó béèrè ètò ẹ̀kọ́ náà ní sáà sí sáà lọ́wọ́ olùdámọ̀ràn rẹ̀, kó tó yan ohunkóhun. Bí ó bá ti ṣe A-Level ti Cambridge, kó fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́: ọ̀pọ̀ ilé ìwé máa ń fún ẹni tó bá ṣe dáadáa ní yúníìtì lé e lórí.

ÌBÉÈRÈ: HND nínú ìṣirò owó ni mo ní, upper credit, mo sì ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́rin. Ṣé MBA ni kí n ṣe ni, àbí Master's nínú ìṣirò owó? (Akántà, Ìsánlú)

ÌDÁHÙN: Ibi tí ẹ ń lọ ló máa pinnu. MBA, dìgírì kejì nínú ìdarí òwò, wà fún ẹni tó fẹ́ darí iléeṣẹ́ tàbí ẹ̀ka kan. Ó fẹ̀, ó kan ohun gbogbo díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì fẹ́ràn ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ọdún mélòó kan. Yúníìtì rẹ̀ lè wà láàárín 36 sí 60. Master's nínú ìṣirò owó jẹ́ nǹkan bí 30, ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀, ó sì dára fún ẹni tó fẹ́ ṣe CPA, ìwé ẹ̀rí àwọn akántà Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fúnni ní láísẹ́nsì CPA, 150 yúníìtì ni wọ́n sì ti ń béèrè láti ọjọ́ pípẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpínlẹ̀ mìíràn ti ń ṣí ọ̀nà kejì. Láti January 2024, ìdánwò rẹ̀ jẹ́ apá mẹ́rin: mẹ́ta kan gbogbo ènìyàn, ẹ ó yan ọ̀kan kún un. Ìwé ẹ̀rí ICAN, ti àwọn akántà Nàìjíríà, kò yọ yín nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ HND ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Ilé ìwé kan á gbà á bíi dìgírì, èkejì kò ní gbà á, ilé ìwé Jésúítì ni àwọn méjèèjì. Ẹ kọ ìmeèlì sí ọ́fíìsì ìgbaniwọlé kí ẹ tó san kọ́bọ̀, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n gba ND pẹ̀lú HND, àti iléeṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, ẹ má sanwó fún èyí tó jẹ́ àkópọ̀ lásán, ẹ ó tún un san ni. Ẹ fi orúkọ inú transcript, ìwé èsì ẹ̀kọ́ yín, wé ti páásípọ́ọ̀tù. Bí ọ̀kan bá jẹ́ Olúṣẹ́gun, tí èkejì jẹ́ Ṣẹ́gun, ẹ lọ búra ní kóòtù báyìí, kó má di ìgbà tí ọjọ́ bá ti kù díẹ̀. Bí wọ́n bá fún yín ní transcript nínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa, ẹ má ṣí i.

Èsì GMAT àti GRE, ìdánwò ìwọlé fún dìgírì kejì, máa ń lo ọdún márùn-ún, ti TOEFL àti IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọdún méjì. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ti ń yọ ènìyàn nínú GMAT báyìí, pàápàá ẹni tó ti ṣiṣẹ́. Béèrè ni kí ẹ béèrè, wọn kì í sábà sọ ọ́ fún ẹni tí kò bá bi wọ́n.

Lórí owó, yúníìtì ni kí ẹ fi ṣírò. Ká ní yúníìtì kan jẹ́ $1,000, tí ètò náà sì jẹ́ 36, $36,000 nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wo transcript yín tí wọ́n ní kò sí ìṣirò àkójọ dátà tàbí òfin òwò níbẹ̀, wọ́n lè fi kọ́ọ̀sì ìpìlẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kún un. $6,000 sí $9,000 tí ẹ kò rí nínú ìwé ìpolówó nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n kọ iye yúníìtì tí ẹ̀yin gan-an máa ṣe sínú lẹ́tà ìgbàniwọlé.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní ẹni tó bá ṣe Business Analytics, ìmọ̀ fífi dátà darí òwò, lè ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fún ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ṣé òótọ́ ni? (Ọ̀dọ́kùnrin kan, Mọpà)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ló ń sọ ọ́, kì í ṣe orúkọ ẹ̀kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ F-1 ní oṣù 12 láti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn dìgírì. Bí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá wà nínú ìwé STEM ti ìjọba, ìyẹn àkójọ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò, ó lè tọrọ oṣù 24 sí i. Ẹ wo nọ́ńbà CIP, tí wọ́n fi ń dá ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan mọ̀, lórí fọ́ọ̀mù I-20 tí yunifásítì fi ránṣẹ́ fún físà. 30.7102, ti Business Analytics, jẹ́ STEM. 52.0201, tí ọ̀pọ̀ MBA ń lò, kì í ṣe STEM. Yunifásítì kan náà lè ní MBA méjì, kí nọ́ńbà ọ̀kan jẹ́ STEM, kí ti èkejì má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá jókòó láìníṣẹ́ ju ọjọ́ 90 lọ nínú oṣù 12 yẹn ti ba àǹfààní rẹ̀ jẹ́.

Èyí tó ṣáájú gbogbo rẹ̀ ni físà, kí bàbá wa ní Ẹ̀gbẹ̀ náà bá wa kà á. Ní oṣù Kejìlá 2025, ìjọba Amẹ́ríkà kéde òfin tó dá físà tuntun dúró fún akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2026, àyàfi àwọn tí òfin náà yọ sílẹ̀. Kò kan ẹni tí físà rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹ wo ojú ewé ẹ́mbásì lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ sanwó, torí irú òfin bẹ́ẹ̀ máa ń yí. $350 ti SEVIS, owó ìforúkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà, kì í padà, owó tí ẹ fi di àyè mú ní yunifásítì kì í sábà padà. Bí ọ̀nà bá ṣì dí, ẹ tọrọ ní kíkọ pé kí wọ́n sún ìwọlé sí sáà mìíràn, kí ẹ sì béèrè bóyá ẹ̀bùn owó tí wọ́n ṣèlérí máa tẹ̀lé e. Ọ̀nà mìíràn tún wà lẹ́yìn Amẹ́ríkà: Saint Louis ní ọgbà kan ní Madrid, ilẹ̀ Sípéènì, tí wọ́n ti ń kọ́ òwò. Àwọn Jésúítì ló sì wà nídìí Esade ní Barcelona láti 1958 àti XLRI ní Jamshedpur, ilẹ̀ Íńdíà, láti 1949.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀rẹ́ mi ní òun ti wọ Loyola, Loyola náà ni mo kọ̀wé sí, ṣùgbọ́n owó wa kò dọ́gba. (Kàbà)

ÌDÁHÙN: Loyola mẹ́rin ló wà ní Amẹ́ríkà: ti Chicago, ti Maryland, ti New Orleans, àti Loyola Marymount ní Los Angeles. Yunifásítì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹ kọ orúkọ ìlú mọ́ ọn nígbà tí ẹ bá ń fi transcript ránṣẹ́. Xavier ti Cincinnati jẹ́ ti Jésúítì, Xavier ti Louisiana kì í ṣe tiwọn. Kí ẹ sì wá orúkọ ilé ẹ̀kọ́ òwò náà lórí ojú ewé AACSB, àjọ tó ń yẹ ilé ẹ̀kọ́ òwò wò, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1916.

ÌBÉÈRÈ: Kajú ni mò ń rà, mo ń tà á fún àwọn oníbàárà Èkó. Mo fẹ́ ṣe MBA lórí íntánẹ́ẹ̀tì láì kúrò nílé. Ṣé á wúlò? (Ìyá oníṣòwò, Ìyàrá)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́, ìyá. Ó lè wúlò gan-an ni. Ẹ wo ohun kan péré tí kọ́ọ̀sì ìnáwó iléeṣẹ́ máa kọ́ yín. Ká ní ẹ yá mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà ní èlé ₦4 lórí ₦100 lóṣù, ẹ sì fi ra àpò 100 tó jẹ́ kílò 80. Ẹ san owó fún àgbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kajú sùn ní sítọ́ọ̀ fún ọjọ́ 20. Oníbàárà gbà á, ó sì sanwó lẹ́yìn ọjọ́ 30. Owó yín wà níta fún ọjọ́ 50, èlé rẹ̀ sì tó ₦667,000. ₦6,670 ni àpò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú wá kí èrè tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá bá oníbàárà sọ ọ́ kó máa san ní ọjọ́ 10, èlé náà á já sí ₦400,000. Kajú tí kò gbẹ tún ńkọ́? Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá fi kílò 5 dín nínú 100 ní sítọ́ọ̀, kílò 400 ti lọ, ìyẹn ₦500,000.

Ṣùgbọ́n ẹ béèrè bóyá kíláàsì náà ní wákàtí tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀rọ. Aago méje alẹ́ ní New York jẹ́ aago méjìlá òru ní Ìyàrá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá títí dé àárín oṣù Kẹta, aago kan òru ni. Ètò tí ẹ lè wo ẹ̀kọ́ rẹ̀ nígbà tí ààyè bá gbà yín ló yẹ yín. Ìdánwò mìíràn nílò kámẹ́rà tí kò gbọ́dọ̀ kú, nítorí náà ẹ ní sólà tàbí bátìrì tó lè gbé kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì fún wákàtí mẹ́ta, yàtọ̀ sí iná ìjọba.

Ẹ tún wo kàlẹ́ńdà. Sáà kejì wọn, oṣù Kìíní sí oṣù Karùn-ún, bọ́ sí àsìkò kajú gẹ́lẹ́, ìgbà tí ẹ wà lójú òṣùwọ̀n látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè máa fi sáà yẹn sílẹ̀, kí ẹ máa ṣe ti oṣù Kẹjọ sí oṣù Kejìlá àti ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, tí wọ́n ń pè ní summer, àti ọdún mélòó ni wọ́n gbà kí ènìyàn fi parí gbogbo rẹ̀.