Ìlànà Ogójì, Ọ̀kan Ló Borí: Ìbéèrè Yín Lórí Ìpín Ìdókòwò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ọmọ ọdún 27 ni mí, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. Mo kó iye owó ìpín ilé ìfowópamọ́ 10 jọ, láti January 2012 títí dé December 2023. Mo wá fi Python àti backtesting.py, sọ́fítíwíà tó ń dán ìlànà wò lórí iye owó àtijọ́, dán ìlànà ìṣòwò 40 wò lórí wọn. Èyí tó dára jù ni kí n ra ìpín tí RSI rẹ̀ (òṣùwọ̀n láti 0 dé 100 tó ń fi hàn bí iye owó ṣe ń gòkè tàbí já bọ́) bá já sí 23, kí n sì tà á lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ 11. ₦1,000,000 di ₦19,000,000! Ìgbà 216 ló rà tó sì tà. Mo fi kóòdù náà ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Màmá mi kó ₦2,000,000 nínú àjọ, wọ́n ní àwọn lè gbé e fún mi. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀? — *Ọmọ Ìyá Aláṣọ, Ìbàdàn*

Ìdáhùn: Ọmọ mi, má tíì gba owó náà. Inú mi dùn sí iṣẹ́ tí o ṣe, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé sí mi ló jẹ́ pé ohun tí wọ́n bá gbọ́ lórí WhatsApp ni wọ́n fi ń kó owó sílẹ̀, wọn ò dán ohunkóhun wò. Ìwọ dán an wò. Ìdánwò náà ni kò tíì tó.

Kí a mú owó iṣẹ́ kúrò nílẹ̀ ná. Bí èèyàn kò bá kọ iye kọmíṣọ̀n sínú backtesting.py, òdo ni yóò lò. Mo wo kóòdù rẹ, kò sí kọmíṣọ̀n níbẹ̀. L'Ékòó, alágbàtà á gba tirẹ̀, SEC tó ń ṣàkóso ọjà á gba tirẹ̀, Ọjà Ìpín á gba tirẹ̀, CSCS tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìpín á gba tirẹ̀, VAT á tẹ̀ lé e. Lórí contract note tèmi, ìwé tí alágbàtà fi ń ṣàlàyé owó tí wọ́n gbà, rírà àti títà lápapọ̀ ń kó bíi 3.5% lọ. Yẹ tìrẹ náà wò. Ìlànà rẹ yí gbogbo owó náà ká ní ìgbà 216, nítorí náà ìgbà 216 ni 3.5% yẹn yóò jẹ nínú rẹ̀, léraléra. Mo ṣírò rẹ̀: ₦19,000,000 yẹn di nǹkan bíi ₦8,600. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà àti díẹ̀, nínú mílíọ̀nù kan tí o fi bẹ̀rẹ̀! Ní ọdún 12 kan náà, òṣùwọ̀n gbogbo ọjà, All-Share Index, kúrò ní nǹkan bíi 20,700 dé 74,700. Ẹni tí owó rẹ̀ bá rìn pẹ̀lú ọjà, tó rà lẹ́ẹ̀kan tó sì jókòó jẹ́ẹ́, ìbá ní bíi ₦3,600,000, láìka èrè orí ìpín tí wọ́n ń san lọ́dọọdún.

Mo mọ ohun tí wàá sọ: "Màmá, màá mú òmíràn nínú 40 náà, èyí tí kì í tà lemọ́lemọ́." Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Ká ní kò sí ọ̀kan tó ní ọgbọ́n kankan nínú ìlànà 40 náà, kó jẹ́ oríire lásán ni gbogbo wọn. Ká sì ní ìdánwò rẹ le tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ẹyọ kan nínú 20 péré ni oríire lè gbé kọjá. Bí àwọn ìlànà náà kò bá fara jọ ara wọn, ó tó 87% pé ó kéré tán ọ̀kan nínú 40 yóò kọjá, tí yóò sì máa dán lójú rẹ. Ká ní 20 lo dán wò, ìbá jẹ́ 64%. Nígbà tí o wá ń kọ̀wé sí mi, èyí tó borí nìkan lo ṣàlàyé. Mi ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nípa 39 tó kù. Ara èsì rẹ ni 39 yẹn wà, ọmọ mi. Láìmọ̀ wọ́n, kò sẹ́ni tó lè sọ bí ₦19,000,000 yẹn ṣe wúlò tó, èmi náà kò lè sọ.

Ọ̀mọ̀wé kan wà ní Amẹ́ríkà, David Leinweber. Ó ní kí kọ̀ǹpútà wá ohun tó bá ìrìn S&P 500, òṣùwọ̀n ọjà ìpín Amẹ́ríkà, mu jù láàárín 1983 sí 1993 nínú àkójọ ìṣirò oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Bọ́tà tí wọ́n ń ṣe ní Bangladesh ló jáde! Ó bá a mu dé 75%. Nígbà tó fi wàràkàṣì Amẹ́ríkà àti iye àgùntàn orílẹ̀-èdè méjèèjì kún un, ó wọ 99%. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kí àwọn olówó lè fojú ara wọn rí i pé kọ̀ǹpútà tí a bá ní kó máa wá, kò ní ṣàìrí nǹkan mú wá.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe rèé. Jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ra ìpín lọ́jọ́ tó bá ṣáà ti wù ú, láìwo RSI, láìwo ohunkóhun, kó sì máa tà lẹ́yìn ọjọ́ 11 bíi tìrẹ, kó san owó iṣẹ́ bíi tìrẹ. Jẹ́ kó ṣe irú rẹ̀ 40, kó mú èyí tó borí nínú 40 yẹn, kó kọ èrè rẹ̀ sílẹ̀. Kó tún gbogbo rẹ̀ ṣe ní ìgbà 1,000. Wàá ní olúborí 1,000 tí kò ní làákàyè kankan. Bí olúborí tìrẹ kò bá ju 950 nínú wọn lọ, kò sí ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí oríire. Ìwọ tí o mọ Python, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni.

Tún wo 23 àti 11 yẹn. Kí ló dé tí kì í ṣe 25 àti 10? Gbé wọn sún díẹ̀: RSI 21, 22, 24, 26, ọjọ́ 8, 10, 13. Bí èrè bá wà káàkiri àdúgbò náà, a lè jọ sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ pé orí 23 àti 11 nìkan ló dúró sí, jù ú nù. Kí o sì yọ 2020 àti 2023 kúrò, kí o wo ohun tó kù. Ọjà gòkè ní 50% lọ́dún 2020 àti bíi 46% lọ́dún 2023. Nínú irú ọdún bẹ́ẹ̀, ìlànà burúkú náà á pa owó.

Ohun tó dùn mí jù nínú dátà rẹ ni àwọn tí kò sí níbẹ̀. Ilé ìfowópamọ́ 10 tí o kó jọ, gbogbo wọn ló wà láàyè lónìí. Ta ló sọ fún ọ ní January 2012 pé àwọn ni yóò ṣẹ́ kù? Skye Bank wà lọ́jà nígbà náà, Diamond Bank wà níbẹ̀. Ní September 2018, CBN gba ìwé àṣẹ Skye, Polaris gba ipò rẹ̀, àwọn tó ní ìpín Skye sì pàdánù. Diamond wọlé sínú Access ní 2019. Ìlànà tìrẹ, ìpín tó ń já bọ́ ló fẹ́ràn. Skye já bọ́ títí ó fi kú, ìlànà rẹ ìbá sì máa rà á bó ṣe ń já. Wá iye owó àtijọ́ wọn, kó o dá wọn padà sínú dátà. Bí o ṣe ń ṣe ìyẹn, rí i dájú pé o so GUARANTY, orúkọ àtijọ́ ìpín GTBank lọ́jà, pọ̀ mọ́ GTCO, torí wọ́n yí orúkọ ní 2021. Kí o sì wò ó bóyá o ti tún iye owó ṣe fún bónọ́ọ̀sì (ìpín ọ̀fẹ́) àti èrè orí ìpín, kí RSI má baà rò pé ọjà ló wó nígbà tó jẹ́ pé wọ́n pín èrè ni.

O tún bẹ̀rẹ̀ láti 2012. Mo wà nídìí iṣẹ́ alágbàtà ní Marina lọ́dún 2008. Ní March, òṣùwọ̀n ọjà kọjá 66,000; nígbà tí January 2009 fi máa parí, ó ku bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìwé àṣẹ títà kún orí tábìlì mi: olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ìyá tó ta ilẹ̀ láti fi ra ìpín, àwọn tó yáwó. A ó gbé e sórí ẹ̀rọ láàárọ̀, full offer! Kò sẹ́ni tó fẹ́ rà. Ọ̀la, bẹ́ẹ̀ náà. Sọ́fítíwíà rẹ kò mọ full offer. Bí ọjọ́ 11 bá ti pé, ó tà nìyẹn, ó sì kọ owó sílẹ̀ fún ọ bí ẹni pé ẹnì kan gbé e wá. Fi iye ìpín tó yí lójoojúmọ́ sínú kóòdù: bí kò bá tó ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí o fẹ́ tà, má jẹ́ kó tà. Bí ìpín bá sì ti já dé 10%, òpin tí ọjà gbà kó já lọ́jọ́ kan, gbà pé o kò rí i tà lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni kó o tó kan dátà January 2024 títí di òní. O kò tíì fọwọ́ kàn án. Tọ́jú rẹ̀ bí ìbéèrè ìdánwò tí akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì rí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí o lò ó, lórí ìlànà kan ṣoṣo. Bí o bá rí èsì tí kò tẹ́ ọ lọ́rùn, tí o padà lọ tún RSI ṣe, tí o tún wá dán an wò lórí rẹ̀, dátà yẹn ti lọ nìyẹn.

Bó bá yege, fi owó ara rẹ bẹ̀rẹ̀, èyí tí kò ní dí oúnjẹ rẹ lọ́wọ́. Owó àjọ ìyá aláṣọ, owó tí wọn yóò fi ra ọjà ni. Jẹ́ kí wọ́n fi ra aṣọ.

Ìbéèrè: Màmá, ìlànà kan ń ṣiṣẹ́ fún mi dáadáa lórí dátà Amẹ́ríkà, ọdún 15 ni mo fi dán an wò. Mo fẹ́ máa lò ó lórí ìpín Èkó, kí n máa fi pọ́n-ùn ránṣẹ́ sílé. Ìdajì èrè rẹ̀ wá láti inú títa ìpín tí mi ò tíì ní, kí n tó rà á padà. — *Abọ́sẹ̀dé, Peckham*

Ìdáhùn: Ẹ gé ìdajì yẹn kúrò, torí irú títà bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹni bíi tiwa l'Ékòó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sọ́fítíwíà yóò máa ṣe é láìbéèrè. Ohun tó bá kù, dátà Èkó ni kí ẹ fi dán an wò látìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì ṣọ́ náírà. Lọ́dún 2023 tí ọjà gòkè ní bíi 46%, dọ́là kan kúrò ní nǹkan bíi ₦460, ó dé bíi ₦900. Ẹni tó ń ka owó rẹ̀ ní dọ́là pàdánù bí ìdá kan nínú mẹ́rin lọ́dún tí gbogbo èèyàn ń jó. Ẹ fi iye pàṣípààrọ̀ ojoojúmọ́ kún dátà yín, kí sọ́fítíwíà máa yí owó náà sí pọ́n-ùn lọ́jọ́ tí ẹ bá rà àti lọ́jọ́ tí ẹ bá tà.